Àjọkọ́ ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a máa fún irú ẹ̀kọ́ méjì ní Yorùbá ni pé kí a máa pe ẹ̀kọ́ tí ọmọdé ti ń wá bí òun ṣe máa borí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdíje, kí a sì pe èyí tí wọ́n ti jọ ń wá ìmọ̀ ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Mo gba ìdíje. Ẹ̀gbọ́n wa tó sọ pé "ìlara" ló yẹ kí a pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: inú ọkàn ni ìlara ń gbé, àgbàlagbà ló ń gbé ìdíje kalẹ̀. Ọmọ tí kò ṣe ìlara ẹnikẹ́ni rí, lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá lẹ ipò wọn mọ́ ògiri, ó ti wọnú ìdíje nìyẹn. Bí ẹ̀bùn bá sì jẹ́ ẹyọ kan, àṣìṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di èrè fún un.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni n kò lè gbà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni látilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó báyìí: "Ẹ fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ." Ẹ gbọ́ràn là ń wí. Bí ìwé bá wá ní kí ọmọ fọwọ́sowọ́pọ̀ nínú kíláàsì, ohun tó máa yé òbí ni pé kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́.

Bí a bá fẹ́ fi "bá" ṣẹ̀dá orúkọ náà, òun náà kò ràn wá lọ́wọ́, torí ó ń bá ìrẹ́pọ̀ lọ, ó sì ń bá ìjà lọ. Mo bá a ṣiṣẹ́; mo bá a jà. Àjọ ló dá mi lójú: àjọṣe, àjọjẹ, àjọgbé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìjà ní àjọjà. Ibẹ̀ ni mo ti mú àjọkọ́.

Ní 1954, ní ibùdó ọmọdé kan ní Robbers Cave ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, Muzafer Sherif, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọmọkùnrin 22 sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa díje. Kò pẹ́ tí èébú fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ kan sì jó àsíá èkejì. Àwọn olùwádìí kó wọn jọ síbi oúnjẹ, ìjà kò tán. Ìgbà tí ọkọ̀ tó fẹ́ lọ gbé oúnjẹ wá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ mú okùn tí wọ́n ti fi díje tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jọ fi fa ọkọ̀ náà. Okùn kan náà o! Wọ́n ti fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ rí. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jọ fà á. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá orúkọ fún gan-an nìyẹn. Kíkó ọmọ jọ sídìí tábìlì kan kò tíì di àjọkọ́.

Elliot Aronson, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé irú èyí wọ kíláàsì ní Austin, Texas, ní 1971. Ó pín ẹ̀kọ́ kan sí ọ̀nà bíi márùn-ún, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́tí sí ẹnìkejì kò ní mọ ẹ̀kọ́ náà tán. Ọmọ tí wọn kì í kà sí tẹ́lẹ̀ di ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń bi léèrè. Àjọkọ́ pọ́ńbélé!

Ọmọ tí ìpín kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni n kò tíì rí orúkọ fún. Onípìn-ín ti di ti ẹni tó dá owó sí ilé-iṣẹ́. Alápín kò dùn létí mi. Kí lẹ rò?