Ọrun wo la máa rà: Mathews, Hoyt, Bear àbí Win&Win?

Ìyá Ìbejì, Kentucky:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ìbejì mi ti wọ ẹgbẹ́ tafàtafà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá wọn náà ní òun fẹ́ ra ọrun tòun, kí òun lè bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín lóṣù kẹsàn-án. A wọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ pọ̀ lára ògiri: Hoyt, Mathews, PSE, Bear, Bowtech. Owó wọn ò sún mọ́ra rárá. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló dáa jù?

Ẹ̀gbọ́n Texas:
Ìyá Ìbejì, Ẹdùmàrè á bá wa wo àwọn ọmọ. Ọrun ọmọ ọ̀tọ̀, ọrun bàbá ọ̀tọ̀.

Ti àwọn ọmọ ò le. Tó bá jẹ́ NASP, ètò tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọfà títa, ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń ṣe (Kentucky yín níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002), ọrun Genesis ni wọ́n ń lò. Matt McPherson tó dá Mathews sílẹ̀ ló ṣe é. Pọ́ọ̀nù 10 sí 20 ni agbára fífà rẹ̀, kò sì ní ibi pàtó tí fífà rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró, nítorí náà bí apá ọmọ ṣe ń gùn sí i, ọrun náà ṣì ń bá a mu.

Ti bàbá wọn ló gba àlàyé. Compound ló máa rà, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lórí apá méjèèjì. Holless Wilbur Allen, ará Missouri, ló gbé e jáde, ó sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ní 1969. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn ni pé téèyàn bá ti fà á dé òpin, agbára rẹ̀ á dín wálẹ̀. Ọrun pọ́ọ̀nù 70 tó ń dín ìdá 80 nínú 100 kù, pọ́ọ̀nù 14 péré lèèyàn máa dì mú bó ṣe ń fojú sun àgbọ̀nrín. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn ní ibi tó ń dúró sí. Tí ibẹ̀ ò bá bá gígùn apá ẹni mu, kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lè gbani.

Kó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti orí ìka àárín kan dé èkejì, kí ẹ fi 2.5 pín in. Ẹni tó jẹ́ ínṣì 70, gígùn fífà rẹ̀ (bó ṣe máa fa ọsán jìnnà tó) á tó ínṣì 28. Ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Hoyt ti wà láti 1931, Salt Lake City ni wọ́n wà báyìí. Mathews bẹ̀rẹ̀ ní 1992, Sparta ní Wisconsin ni ibùdó wọn. Lójú tèmi, àwọn ni aṣíwájú: ti Mathews kì í gbọ̀n lọ́wọ́ tí ọfà bá jáde, ti Hoyt sì máa ń fara da ìyà igbó. Èyí tó ga jù lọ́dọ̀ wọn ju 1,000 dọ́là lọ, kẹ́ ẹ tó ra ọfà kankan. PSE ní Tucson, kí ọfà yára ni wọ́n ń lé. Bear ni Fred Bear dá sílẹ̀ ní Detroit ní 1933, ọwọ́ mẹ̀kúnnù sì ń tó tiwọn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Bear Cruzer G2 ni màá rà. Láti pọ́ọ̀nù 5 dé 70 lẹ lè yí i sí, gígùn fífà rẹ̀ láti ínṣì 12 dé 30. Tí apá bàbá bá gùn gan-an, Diamond Infinite Edge Pro tí Bowtech ṣe dé 31.

Ọmọ Ìlọrin, Chicago:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ èyí. Tó bá ti mọwọ́ rẹ̀ tán, ó máa tún ra òmíràn. Kó kúkú ra Mathews lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Texas:
Àbúrò, ọdún àkọ́kọ́ ni ìdúró tafàtafà máa ń yí padà, gígùn fífà rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Lórí Mathews, ẹ̀yà kékeré kan ni wọ́n máa pààrọ̀, ó di kó padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Cruzer, kọ́kọ́rọ́ allen lásán ló gbà. Lẹ́yìn ọdún kan, kó ra Mathews, màá bá a yọ̀.

Àbúrò Leeds:
Ẹ̀yin ará UK tó ń kà á, ẹ má tẹ̀ lé wọn lọ o! Òfin 1981 ò gbà wá láyè ká fi ọrun ṣọdẹ níbí. Àmì la máa ń ta, recurve (ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí orí apá rẹ̀ tẹ̀ síwájú) ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì fi ń kọ́ èèyàn. Ibẹ̀ ni Win&Win ti ń bá Hoyt du ipò. Ará Kòríà ni wọ́n, Park Kyung-rae ló dá a sílẹ̀ ní 1993, WIAWIS ni orúkọ ọjà wọn. Ẹ má fojú kéré ọrun Kòríà: láti 1988 títí dé Paris 2024, àwọn obìnrin wọn ló ń gba góòlù ẹgbẹ́ ní gbogbo Olympics.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á ni bóyá ILF ni. Tó bá jẹ́ ILF, apá ọrun ilé-iṣẹ́ kan máa wọ ìdìmú (àárín ọrun tá à ń dì mú) ilé-iṣẹ́ mìíràn. Hoyt ní òmíràn tí wọ́n ń pè ní Formula, apá ILF ò lè wọ ìyẹn. Ẹ ra ìdìmú tó dáa, kẹ́ ẹ fi apá olówó pọ́ọ́kú tí agbára fífà rẹ̀ tó nǹkan bíi pọ́ọ̀nù 20 bẹ̀rẹ̀. Bí agbára yín bá ṣe ń pọ̀, apá ọrun nìkan lẹ máa pààrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó rárá, wọ́n máa ń yáni ní ọrun.

Ìyá Ìbejì, Kentucky:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹnì kan ń ta Hoyt àlòkù nítòsí wa, owó rẹ̀ dáa. Àti pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá wọn.

Ẹ̀gbọ́n Texas:
Ẹ fi òwú rọra nu apá ọrun náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti fẹ́ sán nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ọsán rẹ̀ bóyá ó ti ń tú, nítorí bí ọsán bá já, ọrun dọ̀pá. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan ti fà á rí tó sì jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà nínú rẹ̀; ìyẹn ló ń ba compound jẹ́ jù. Ẹ rántí pé ẹni tó kọ́kọ́ ra á tuntun ni ilé-iṣẹ́ máa ń dá lóhùn tó bá bàjẹ́.

Ti ọwọ́ òsì, ojú ló máa sọ ọ́. Kó la ojú méjèèjì, kó na ìka sí nǹkan tó jìnnà, kó wá dí ojú kan. Tí ìka ò bá kúrò lórí nǹkan náà, ojú tó ṣì là sílẹ̀ ni ojú tó lágbára. Tó bá jẹ́ ti òsì, ọrun ọlọ́wọ́ òsì ni kó rà. Tó bá jẹ́ ti ọ̀tún, kó gbìyànjú méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá sì bí i ní 1975 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, Kentucky ní kó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó wọgbó, kó tètè forúkọ sílẹ̀.