Irú àwo oúnjẹ wo ló yẹ àwọn ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ máa bọ́ àwọn ẹyẹ igbó ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣé àwo pẹrẹsẹ ni kí n rà, àbí ọ̀pá oníhò tí a ń rọ hóró sí nínú?

Èsì: Ẹyẹ tí ẹ ń retí ni yóò sọ ọ́. Àwo pẹrẹsẹ ló rọ àdàbà lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i, hóró á wú, á sì bu. Nítorí náà, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ní ihò tí omi lè gbà jò.

Èsì: Òótọ́ ni, àmọ́ ìmọ́tótó ló ká mi lára jù. Ẹ ra èyí tó ṣeé tú fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí kò ju mítà 1 sí fèrèsé, tàbí kó jìnnà ju mítà 10 lọ, kí ẹyẹ má baà fi agbára lu gíláàsì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?