Fíríìjì mi ò dì mọ́, ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n ra òmíì?

Ìyá Dárà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti tojú sú mi. Zobo àti omi inú ọ̀rá ni mò ń tà nílé níbí n'Íbàdàn, fíríìjì onílẹ̀kùn méjì ni mo fi ń ṣe é, tuntun ni mo rà á, ó ti pé ọdún 8. Bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ìsàlẹ̀ ò tutù mọ́, nígbà tó yá òkè náà ò dì. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní gáàsì ló tán, ó rọ ọ́ ní 18,000, ó dì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún kọṣẹ́, ó tún rọ òmíì. Báyìí tíná bá ti wà, àárọ̀ dalẹ́ ló ń dún hùùù láìsinmi, síbẹ̀ kò dì. Àná ló wá sọ pé kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ ẹ̀yìn ẹ̀ tó ń ti gáàsì kiri, ló kú, kí n mú 95,000 wá. Tòkunbọ̀ tí mo lọ wò, 180,000 ni wọ́n ń pè é. Ike zobo 40 ló kan mọ́ mi lọ́wọ́ ní Sátidé, gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù.

Ọmọ Olúyọ̀lé: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ o jàre. Èmi náà ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ sí tèmi, kò lò tó oṣù mẹ́rin.

Oníṣẹ́ Fíríìjì: Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun mà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Gáàsì fíríìjì kì í tán bíi ti ìdáná, inú páìpù ló ń yí po sí, tí ibì kankan ò bá lu, iye tí wọ́n rọ sí i náà ló máa wà níbẹ̀. Tó bá ti dín, ó ń jò nìyẹn. Ẹni tó rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ò wá ibi tó ń jò, inú garawa tó lu ló ń pọnmi sí. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ṣì ń dún àárọ̀ dalẹ́, mi ò lè torí ìyẹn nìkan sọ pé ó ti kú. Ẹ ní kó po omi ọṣẹ kó máa fi kan àwọn orí páìpù, ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni, ibi tí òróró bá sì ti yọ lára páìpù, kó wò ó dáadáa. Tó bá di àtirọ gáàsì, kó pààrọ̀ fílítà, asẹ́ kékeré tó wà lójú páìpù. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára kọ̀mpírẹ́sọ̀, tó bá jẹ́ R600a, irú gáàsì kan nìyẹn, ó ń gbaná o! Kò gbọdọ̀ taná jó páìpù nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ inú ara fíríìjì, níbi tí fóòmù ti bo páìpù, ló ti ń jò, ẹ má náwó lé e mọ́, ẹ ra òmíì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú o, ṣé ẹ kì í fi ọ̀bẹ họ yìnyín?

Ìyá Dárà: Háà, mò ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ o, pàápàá tí àwọn oníbàárà bá ti dúró tí ọ̀rá omi bá ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Ohun tó ba tèmi jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ máa pa á kó yọ́ fúnra ẹ̀.

Bọ̀dá Ṣakí: Ẹ fi owó náírà há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì ra sítábíláísà o, iná tó ń lọ sílẹ̀ máa ń jó kọ̀mpírẹ́sọ̀.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé gan-an o. Ẹlòmíì ni mo pè, ó rọ gáàsì díẹ̀ sí i kó lè rí ibi tó ń jò. Bó ṣe kan omi ọṣẹ mọ́ òkè báyìí, lójú ibi tí ọ̀bẹ ti ha ló ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ihò ẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó dí i, ó pààrọ̀ fílítà, ó rọ gáàsì, 32,000 ló gbà. Abọ́ omi tí mo gbé sí i lálẹ́ àná ti dì gbagidi láàárọ̀ yìí. 63,000 tó kù nínú owó kọ̀mpírẹ́sọ̀, inú ẹ̀ ni mo ti máa ra sítábíláísà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ òmíì tí mo máa fi ra tuntun.