Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó ń gé igi dáadáa ní Ìkòròdú? Máńgòrò wa ti fẹ́ wọlé

OmoIgbogbo: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Igbogbo ni mo wà, lójú ọ̀nà Bayeku. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí bàbá wa ti gbìn kí wọ́n tó kọ́lé rárá, ó ti ga ju òrùlé lọ báyìí, ẹ̀ka kan gbé ara lé páànù, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lóru ṣe ló máa ń ha páànù bí ẹni tó fẹ́ já wọlé, àwọn ọmọ ò lè sùn. Ẹ̀ka míì ti rékọjá fẹ́ǹsì sọ́dọ̀ màmá aládùúgbò, wọ́n ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Apá kan igi náà sì tún ń gbẹ, ewé tó wà níbẹ̀ ò jọ ewé máńgòrò mọ́. Bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń bá wa ká àgbọn ní òun á gé e lulẹ̀ ní 40,000. Ṣé kí n fún un àbí ẹ mọ ẹlòmíì?

IyaIbeji_Agric: Má fún un o, mo bẹ̀ ẹ́. Èmi náà gbé igi fúrúùtù wa fún ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá torí pé owó ẹ̀ kéré. Igbà ò wúlò lórí igi tó lẹ́ka, ló bá fọwọ́ kan di igi mú, ó ń fọwọ́ kejì ju àdá, èmi nílẹ̀ mò ń pe Jésù. Òkè nìkan ló ti ń gé ẹ̀ka ńlá yẹn, kó tó gé e dé ìdajì ló ya, ó bó èèpo ara igi wálẹ̀ bí ìgbà téèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibi tó bó yẹn gùn jù mí lọ. Orí táńkì omi ni ẹ̀ka balẹ̀ sí. Owó táńkì tuntun tí mo rà, ẹ má bi mí.

OmoIgbogbo: Yé! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Igi náà wá ńkọ́?

IyaIbeji_Agric: Ojú ibi tó bó ni ikán gbà wọlé. Ó ti kú.

Kafinta_Odogunyan: Ọ̀gá mi, ẹni tó ní ẹ̀rọ, tó ní okùn, tó sì ní èèyàn bíi méjì tó máa di okùn mú nílẹ̀ lẹ̀ ń wá. Inú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì lẹ ti máa rí i. Mo mọ ọ̀kan, mo máa fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àmọ́ ẹni yòówù kẹ́ ẹ pè, ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ gé ẹ̀ka ńlá yẹn. Tó bá ní òun á kọ́kọ́ gé e díẹ̀ lábẹ́, lẹ́yìn náà òun á sún síwájú díẹ̀ gé e látòkè, kóun tó wá padà gé kùkùté tó kù, ó mọṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fóun, ẹ fi sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Ohun tó tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kíkó. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ta ló máa kó ẹ̀ka, ta ló ni igi. Mo rí ibì kan tí wọ́n gé igi tán, ewé dí gọ́tà pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníṣẹ́ ò gbé fóònù mọ́. Ẹ di owó díẹ̀ mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn màmá tó ń yan ẹja lápá Bayeku yẹn lè fi igi ẹ̀ dáná, ẹ ò ní pàdánù.

AgbeImota: Ẹ dúró ná, kí ni wọ́n fẹ́ gé e lulẹ̀ fún? Ewé tí ò jọ ewé máńgòrò yẹn, ṣé òdòdó pupa tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná wà lára ẹ̀? Ẹ lọ wo ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka bóyá ó wú.

OmoIgbogbo: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga lọ wò ó ni sà. Ó wú, ó tó ìkúùkù mi. Òdòdó pupa wà, ẹyẹ kékeré kan tiẹ̀ ń ki ẹnu bọ̀ ọ́.

AgbeImota: Àfòmọ́ ni. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹyẹ á jẹ èso ẹ̀, kóró á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bíi gọ́ọ̀mù, á nù ún sára ẹ̀ka míì, ó di kó hù síbẹ̀, omi igi yín ló ń mu. Tẹ́ ẹ bá kàn fà á já á tún hù, torí ó ti wọnú igi lọ, ẹ̀ka yẹn fúnra ẹ̀ lẹ máa gé, kẹ́ ẹ sún tó ẹsẹ̀ bàtà kan sẹ́yìn ibi tó ti wú. Ẹ gé ti orí páànù àti ti fẹ́ǹsì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi igi bàbá yín sílẹ̀. Àsìkò tó dáa jù ni ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ èso tán, bíi June sí July, tẹ́ ẹ bá lọ gé e nígbà tó ń yọ òdòdó ẹ wábi ra máńgòrò lọ́jà. Ti orí páànù nìkan ni ò ṣe é fi dúró, ìjì ò ní bi yín léèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ́ ẹ lórí o, mo mọ̀ pé wọ́n á ní ó máa tún rúwé, ó máa rúwé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ka tó bá hù lẹ́yìn ìyẹn kì í dì mọ́ igi dáadáa, òun ni ìjì máa ń kọ́kọ́ ya. Kí wọ́n má fá ẹ̀ka mọ́ ara igi pẹlẹbẹ náà, ọrùn tó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti yọ, ibẹ̀ ni igi fi ń pa ojú ọgbẹ́ ẹ̀ dé, kí wọ́n fi ọrùn yẹn sílẹ̀. Ẹ má kun ọ́dà, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i.

Alfa_Isawo: Ṣé wáyà iná ò sí nítòsí? Tó bá wà, ẹ má ní NẸ́PÀ ti mú iná lọ kẹ́ ẹ ní kó gùn ún, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, wọ́n lè mú un dé kó tó sọ̀. Igi tútù máa ń gbé iná. Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa láìnì. Tó bá sì padà di pé ẹ fẹ́ gé e lulẹ̀, ẹ gbàyè lọ́dọ̀ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi, kí wọ́n má bàa fi fáìnì dá yín dúró.

IyaIbeji_Agric: Kó o sì lọ kí màmá aládùúgbò yẹn kí oníṣẹ́ tó dé, kí ẹ̀ka má já bọ́ sínú ọgbà wọn kó tún di ẹjọ́ kẹta.

OmoIgbogbo: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ kí wọn, wọ́n tiẹ̀ ní ká má gé ti ọ̀dọ̀ àwọn tán, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń ṣa máńgòrò níbẹ̀ 😂. Ẹni tí Kafinta júwe wá lónìí, kò sí wáyà nítòsí. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn, kò tiẹ̀ dáhùn, ó kàn na ọwọ́ sókè gbá abẹ́ ẹ̀ka náà, ó ní ibí làwọn ti máa bẹ̀rẹ̀. 85,000 pẹ̀lú kíkó, mo san 50,000, ó di Sátidé. Ohun tó kù ni pé ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan gbọ́ lẹ́nu ìyàwó mi, wọ́n ní ká má da àfòmọ́ yẹn nù, àwọn ń bọ̀ wá rà á. Èló ni wọ́n ń tà á?

AgbeImota: Ẹ má tíì tà á fún wọn, mò ń bọ̀ ní Sátidé.