«Adínlọ́pọlọ» kọ́ ni a ó fi pe ọmọ ọlọ́mọ

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ọ̀gá wa tó ní, nínú ìjíròrò wa yìí lórí bí a ó ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí Yorùbá, kí a máa pe ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé ní «adínlọ́pọlọ», ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un. Ẹ ní ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu: «a-», «dín», «lọ́pọlọ». Adẹ́tẹ̀ náà bá ìlànà mu. Asínwín náà bá a mu. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kí wọ́n fi pe ọmọ yín?

«A-» yẹn gan-an ni ìjà mi. Ohun tó ń ṣe èèyàn ló máa ń sọ di èèyàn náà. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni wọn ó máa pè é títí. «Dín» tún wá burú jù ú lọ. Ohun tí a bá pè ní dídín, a ti kà á ká tó mọ̀ pé kò pé. Ṣebí àwọn àgbà ló ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á? Ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Ẹ kọ ọ́ lórí fóònù láìfàmì sí i, kí ẹ wo bí àwọn ọmọdé yóò ṣe sọ ọpọlọ di ọ̀pọ̀lọ́.

Àwọn òyìnbó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. «Idiot», «imbecile», «moron»: ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Ní 1910 ni Henry Goddard, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fa «moron» yọ láti inú èdè Gíríìkì, fún àgbàlagbà tí òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún 8 sí 12 lọ. «Imbecile» wà nísàlẹ̀ rẹ̀, «idiot» ló wá kẹ́yìn pátápátá. Ní 1927, adájọ́ Holmes kọ ọ́ sínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pé ìran mẹ́ta «imbecile» ti tó, bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i nìyẹn pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí ọ̀dọ́bìnrin kan, Carrie Buck, kò fi ní lè bímọ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn di èébú tán, wọ́n mú «retarded» wá, tí kò ju «lọ́ra» lọ. Ìyẹn náà di èébú. Ní 2010, Obama fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi orúkọ Rosa pè, ọmọbìnrin ọdún 9 kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́.

Àǹtí tó kọ̀wé lánàá ní bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí la wá ń jà sí. Àǹtí, «lọ́ra» pẹ́ lẹ́nu aráyé kó tó bàjẹ́. Tiwa yìí, èébú la fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Ní ìpàdé ilé ìwé kan, ògbufọ̀ tó ṣáájú mi wí fún ìyá ọmọ pé «dìndìnrìn» ni tíṣà pe ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ń ṣẹ́ etí ìborùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ náà dúró. «Ṣé ọmọ mi lẹ̀ ń bú ni?» Tíṣà ò bú ẹnikẹ́ni. Mo ní, «Rárá mà, wọ́n ní ó máa ń pẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó yé e.» Ó mí kanlẹ̀. «Ìyẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n.»

Gbólóhùn ni mo lò, mi ò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Ta ló sọ fún wa pé gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ òyìnbó ló gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì ní Yorùbá?

Ní ti «ẹni òòṣà», tí ọ̀gá ní àfín, abuké àti arọ nìkan ló wà fún: ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń fi pe ọmọ aládùúgbò wa kan tí kò tètè sọ̀rọ̀, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Pé ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá kò pa ìyẹn rẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílùú tirẹ̀, kó dárúkọ ìlú náà fún wa.