Ọmọ ogun 12,000 kojú 30,000: báwo ni ohun abàmì mẹ́rin ṣe lè yí ogun inú ìtàn padà?

AkọÌtàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Nínú ìtàn àròsọ tí mò ń kọ, ìlú kékeré kan ní ọmọ ogun 12,000, ọba aládùúgbò sì ń kó 30,000 bọ̀ wá bá wọn. Ìlú kékeré yìí ní ohun abàmì mẹ́rin: idà tí kò sí irin tàbí òkúta tí kò lè là, dígí méjì tí ẹni méjì lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ti wù kí wọ́n jìnnà síra tó, ẹ̀wù àfẹ́ẹ̀rí kan ṣoṣo, àti ìkòkò tí oúnjẹ inú rẹ̀ kì í tán. Mo fẹ́ kí wọ́n borí, àmọ́ mi ò fẹ́ kí òǹkàwé sọ pé idán ló bá wọn jà á. Ní báyìí, akọni kàn gbé idà bọ́ sáàrin ọ̀tá, ó sì pa wọ́n run. Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lágbára jù, báwo ni kí n sì ṣe lò ó?

BalógunÌwé:
Ẹ kọ́kọ́ ṣírò idà yẹn. Ká ní akọni yín ń pa ẹnì kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún fún odindi wákàtí kan, láìsinmi. Ènìyàn 720 nìyẹn. Nínú 30,000, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Apá ta ló sì lè ju idà fún wákàtí kan láì rọ? Idà náà ń la irin ni, kì í dá ọfà dúró. Ogún tafàtafà tó dúró ní 60 mítà sí i lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìṣirò kan jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìtàn ogun mọ̀. Níbi tí gbogbo ọmọ ogun bá ti lè ta lu gbogbo ọ̀tá, iye ènìyàn, tí a fi iye náà fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀, ni agbára ẹgbẹ́ kan. 30,000 jẹ́ ìlọ́po 2.5 ti 12,000, 2.5 lọ́nà 2.5 sì jẹ́ 6.25. Ní pápá gbalasa, ẹnì kan tiyín gbọ́dọ̀ tó ọ̀tá mẹ́fà ó lé kí ìjà tó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tóóró, tí ẹnì kan ń kojú ẹnì kan, 2.5 péré ni. Nítorí náà, ẹ wá àfonífojì tàbí afárá fún wọn kí ẹ tó wá idán.

Ibi tí idà ti wúlò ni ilẹ̀kùn ibodè, ẹ̀wọ̀n afárá, àti odi ilé ìkó-oúnjẹ-sí ọ̀tá. Ẹ fi òdiwọ̀n sí i o. Nígbà tí Mehmed Kejì, ọba àwọn Ottoman, dó ti Constantinople, olú ìlú àwọn Byzantium, ní 1453, ìbọn ńlá tí Orban rọ fún un kì í yìn ju bí ìgbà méje lọ lóòjọ́, àwọn tó wà nínú ìlú sì ń fi igi àti iyẹ̀pẹ̀ dí ihò odi. Ọjọ́ 53 ni wọ́n fi dó tì í. Ìbọn náà lágbára gan-an, síbẹ̀ àkókò tó ń gbà láàárín yíyìn kan sí èkejì ló fún àwọn tó ń gbèjà ní àyè. Bí idà yín bá la ohun mẹ́ta, kó sùn di ọjọ́ kejì. Ìyẹn nìkan á mú akọni yín ronú kó tó fà á yọ.

OlùpèsèOgun:
Òótọ́ ni lórí idà. Lójú tèmi, dígí ló ju gbogbo wọn lọ, ìkòkò ló tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ẹrù ọ̀tá ná. Kílò ọkà kan fún ẹnì kan lóòjọ́: tọ́ọ̀nù 30. Ká ní wọ́n ní ẹṣin 5,000, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ kílò ọkà márùn-ún yàtọ̀ sí koríko: tọ́ọ̀nù 25 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55 lójoojúmọ́. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan bá ń gbé ìdajì tọ́ọ̀nù, kẹ̀kẹ́ 1,100 ni oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn màlúù tó ń fà á náà á sì jẹun. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò lè rìn ju kìlómítà 15 sí 20 lọ lóòjọ́.

Ìkòkò ńkọ́? Ẹ wọn ẹnu rẹ̀. Bó bá ń tú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lítà 8,640 ni fún ọ̀sán àti òru. Ní lítà méjì fún ẹnì kan, ènìyàn 4,320 ló lè bọ́. Kò lè bọ́ 12,000 láéláé! Nítorí náà, ẹ má gbé e fún gbogbo ogun. Ẹ gbé e fún 1,500 tó yára: lítà 3,000, bíi wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n á fi bù ú tán. Láìsí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n lè rin kìlómítà 35 lóòjọ́, kí wọ́n gba orí òkè tí ọ̀tá rò pé kò ṣeé gbà, kí wọ́n yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ìkòkò bá fọ́, ebi á dá wọn dúró láàárín ọjọ́ méjì.

Dígí wá. Ẹni tó ń gun ẹṣin kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tí kò dára lè rin 60 kìlómítà lóòjọ́. Bí ẹgbẹ́ méjì bá jìnnà síra tó 120, ìbéèrè gba ọjọ́ méjì, èsì gba méjì. Àṣẹ tó bá dé ń dáhùn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Dígí pa ọjọ́ mẹ́rin yẹn rẹ́, ẹgbẹ́ méjèèjì sì lè kọlu ọ̀tá ní wákàtí kan náà. Àmọ́ bí ọ̀tá bá gba ọ̀kan, òun náà lè pàṣẹ èké. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń yí padà lójoojúmọ́ sí i.

AmíÒru:
Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan ohun tí ọ̀tá máa ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo àfẹ́ẹ̀rí, ìyàlẹ́nu ni. Nígbà tó bá fi máa di ìgbà kẹta, wọ́n á ti da eérú sí ẹnu àgọ́, wọ́n á ti so okùn alágogo sí ìwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á ti tú ajá sílẹ̀. Òjò náà ń fi ẹni tí a kò rí hàn. Ẹ tún pinnu bí ẹ̀wù náà ṣe ń ṣiṣẹ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ara ẹni tó wọ̀ ọ́ kọjá, kò ní wọ ojú rẹ̀, afọ́jú ni yóò sì jẹ́. Iná tó bá gbé dání ńkọ́, ṣé òun náà á pòórá?

Ohun abàmì tún lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láì wúlò fún un. Ní 812, Krum, ọba àwọn Bulgar, gba ìlú Mesembria lọ́wọ́ àwọn Byzantium, ó sì bá ọ̀pá ìfọ́nná 36 níbẹ̀, tòun ti èròjà Iná Gíríìkì, ohun olómi tó ń jó tí wọ́n ń fọ́n sí ọ̀tá. Síbẹ̀ kò sí àkọsílẹ̀ pé ó fi jagun rí, nítorí ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Ẹni tó mọ bí dígí ṣe ń jí ṣe pàtàkì ju dígí lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ju méjì lọ.

AkọÌtàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí mo bá gbọ́ yín yé, àfẹ́ẹ̀rí àti idà á lọ sí ilé oúnjẹ ọ̀tá lóru, 1,500 á gba orí òkè, àwọn tó kù á dúró ní àfonífojì?

BalógunÌwé:
Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí iná ilé oúnjẹ ṣáájú ìjà ní ọjọ́ mẹ́rin, kí ebi ti mú ọ̀tá kí ó tó wọ àfonífojì, kí ó má sì lè dúró dè yín. Ẹ má pa 30,000 tán. Ogun ń fọ́n ká tipẹ́ kí wọ́n tó kú tán, ìgbà tí wọ́n bá ń sá ni wọ́n ń kú jù. Bí ohun kan bá máa bàjẹ́, kó jẹ́ dígí, ní òru tó ṣáájú ìjà, kí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì fi èéfín àti ìlù wá ara wọn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ àmì èéfín yẹn sí orí kejì tàbí ìkẹta ìwé náà.