Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú alágẹmọ tó fara pa rí, báwo ló ṣe rí lọ́dọ̀ yín?

Ẹ kú ilé o. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, alágẹmọ tí mo ń sìn, irú èyí tó wá láti Yemen àti Saudi Arabia ni, àwọn tí orí wọn ga sókè bíi fìlà. Ẹnì kan tó ń kó lọ sílùú míì ló fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀, ni mo bá lọ gbé e. Bí mo ṣe rí i báyìí mo ti mọ̀ pé ara ẹ̀ ò dá, torí ó dúdú kirikiri lọ́sàn-án gangan, alágẹmọ tí ara ẹ̀ bá le kì í dúdú bẹ́ẹ̀ tó bá ti yáná tán. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa mo rí ibì kan tó ti bó, tó ń ṣomi. Iná gílóòbù tí wọ́n fi ń mú àgò ẹ̀ gbóná, inú àgò gan-an ni wọ́n gbé e kọ́ sí, òun náà sì ń gùn ún lọ bá a, ibi tó ga jù lẹ́yìn ẹ̀ ló jó.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú iná yìí kì í hàn tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè kọ́kọ́ dà bí pé awọ yẹn kàn ṣá díẹ̀ ni, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á wá dúdú, á le, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Torí náà ẹ má wò ó pé kékeré ni, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹranko afàyàfà, gbogbo dókítà ajá àti ológbò kọ́ ló mọ̀ ọ́n o, mo fóònù káàkiri kí n tó rí ẹyọ kan.

Dókítà fún wa ní silver sulfadiazine, krímù tí wọ́n ń fi sójú iná, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la máa ń fi pa á, àti abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ó ní ọwọ́ iwájú ni ká ti máa gún un, torí pé lára àwọn ẹranko wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀ lè kọ́kọ́ gba inú kíndìnrín kọjá. Ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n ò gbọ́dọ̀ fi oíntímẹ́ǹtì èèyàn tó ní oògùn ìparora nínú kàn án, irú ẹ̀ lè pa á.

Ohun tó wá le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ kó sinmi. Alágẹmọ ò fẹ́ kéèyàn máa gbé òun rárá, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ni ìdààmú ń bá a, á dúdú, á kọ oúnjẹ, ara tó yẹ kó fi wo egbò ló ń fi bẹ̀rù. Mo ta aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ àgò mẹ́ta, mo kó ewé sí i kó lè rí ibi sá sí, mo sì pa krímù àti abẹ́rẹ́ pọ̀ sí ìgbà kan náà kó má di pé à ń mú un lẹ́ẹ̀mejì. Gílóòbù, mo gbé e bọ́ sórí àgò níta, mo wá gbé tẹmómítà sórí ẹ̀ka tó máa ń dúró sí, tó bá ti tó nǹkan bí 30°C, ó tó. Omi ńkọ́? Kì í mu ún nínú abọ́, èyí tó bá ń kán lórí ewé ló máa ń lá, torí náà mò ń wọ́n omi sí ewé dáadáa, egbò iná máa ń gbẹ omi ara. Ẹ máa wo ìgbẹ́ ẹ̀, apá tó yẹ kó funfun níbẹ̀, tó bá ti ń pọ́n bí ọsàn, omi ò tó nìyẹn, tí ojú ẹ̀ bá sì jìn wọnú, ẹ yára. Ìrẹ̀ tí kò bá jẹ tán, ẹ kó o kúrò kó tó di alẹ́, torí ìrẹ̀ á máa jẹ egbò yẹn lára ẹ̀ ni tó bá ń sùn.

Ó pẹ́ o, oṣù ló gbà. Gbogbo ìgbà tó bá bọ́ awọ ni díẹ̀ lára èyí tó kú ń bá a lọ, n ò fà á rí. Àpá ẹ̀ ṣì wà, kì í bá ìyókù ara yí àwọ̀, àmọ́ ó ń jẹun, ó ń gun igi.

*

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Ìbàdàn ni mo wà ní tèmi, mi ò rà á, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń sọ ọ́ lókò ni mo bá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa, ẹ̀rù alágẹmọ ń bà wọ́n, ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀ ò sì bà, ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ló fẹ́ gbé e lọ tà. Ó máa ń dùn mí, ẹranko tí àwọn bàbá wa ní Olódùmarè rán wá wò ó bóyá ilẹ̀ ayé ti le tó láti tẹ̀.

Ìka ẹsẹ̀ wọn pín sí méjì àti mẹ́ta, bí ẹ̀mú ni wọ́n fi ń di igi mú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò lè dì í mú. Ẹnì kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ládùúgbò bá mi fi omi dírípù fọ̀ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní egungun ò ṣẹ́. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe àgò fún un lábẹ́ igi gúáfà, gbogbo ẹ̀ka inú ẹ̀ súnmọ́lẹ̀ kó má bàa já bọ́ láti òkè, oòrùn àárọ̀ ń wọlé, òjìji sì wà lápá kejì. A ò nílò gílóòbù kankan níbí jàre. Tata àti ẹlẹ́ǹgà ló ń jẹ, àmọ́ mi ò mú wọn níbi tí wọ́n bá ti fín oògùn. Ìgbà tí mo rí i pé ó ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn di igi mú ni mo tú u sílẹ̀ sínú igbó ẹ̀yìnkùlé.

*

Brọ̀dá, irú tiyín yẹn náà ni wọ́n ń kó láti Tógò àti Benin wá tà ní Amẹ́ríkà níbí, òmíì á ti rù hangogo kó tó dé. Houston lèmi wà. Abo ni tèmi, irú ti àǹtí, ọwọ́ ẹ̀ ṣẹ́ láìjábọ́ láti ibì kankan. Iná lásán ni ẹni tó tà á fún mi fi ń tàn án, kò ní UVB, ìyẹn irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, àìsí UVB ni àìsí fítámíìnì D3, láìsí ìyẹn kálísíọ̀mù tó ń jẹ ò lè wọnú egungun. Nígbà tí wọ́n ya ẹ́síréè ẹ̀, egungun yẹn ti fẹ́lẹ́. Ẹ sì máa rántí pé UVB ò gba inú gíláàsì kọjá dáadáa, gílóòbù ẹ̀ sì lè máa tàn yòò kí agbára inú ẹ̀ ti tán, ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12 nìyẹn.

Wọ́n fi bándéèjì di ọwọ́ ẹ̀ mọ́ra, wọ́n fún wa ní kálísíọ̀mù olómi. Ẹ̀rù tó wá bà mí jù ni ti ẹyin, abo wọn máa ń yé láì rí akọ, ara ẹ̀ ló sì ti ń fa kálísíọ̀mù fún un, ọwọ́ iwájú ló sì fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Dókítà ní kí n dín oúnjẹ kù torí àjẹjù ló ń mú ẹyin pọ̀, mo sì kó yanrìn tútù sínú ike sílẹ̀ níbi tí ò ti ní gòkè. Ó jinná kó tó yé. Ọwọ́ yẹn wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó ń dì í mú.

*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ahọ́n alágẹmọ tèmi jáde láti àárọ̀, kò wọlé mọ́.

*

Àbúrò, má fà á, má sì tì í. Fi omi tó mọ́ máa rin ín kó má gbẹ, kó gbogbo ẹ̀ka tó lè kọ́ ọ kúrò, kó ìrẹ̀ kúrò, gbé e sínú páálí tó ṣókùnkùn, kó o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí yìí, má dúró dọ̀la. Sọ fún wa ohun tí wọ́n bá sọ.